Ilẹ̀ Ọkọ̀ Tí Bàbá Làmídì Tẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí Múfú àbúrò mi pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó ní Bàbá ti lọ, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé wọ́n ti rí wọn?"

"Rí ta ni, Àǹtí mi?"

"Bàbá. Nínú omi. Ṣé wọ́n ti rí wọn?"

"Omi kẹ̀? Orí ẹní ni Bàbá wà. Wọ́n kírun Alásárì tán, wọn ò dìde mọ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Síbẹ̀ kò yé mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń gé afẹ́fẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń retí ìròyìn kan nípa bàbá bàbá mi, omi sì wà nínú ìròyìn náà nígbà gbogbo. Mo ti mọ ẹni tí n ó pè. Mo ti mọ ilé tí n ó fi ọmọ mi sí kó má bàa rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbé wọn jáde. Apẹja tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ṣì ń dá tukọ̀ lórí dáàmù, kí ni ènìyàn ìbá tún máa retí? Odò ni mo múra sílẹ̀ dè. Mi ò múra sílẹ̀ de ẹní.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé Bàbá Làmídì láti ìbí títí dé òpin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà nínú agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí wọ́n fi ọkọ̀ wọn ṣe ní àárọ̀ Sátidé kan. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú mi ò tíì kúrò lára ohun náà.

Ẹni tó bá bá Bàbá gbé fún ọjọ́ kan péré yóò ti mọ̀ pé wọ́n máa ń kan nǹkan. Wọn kì í wọ ọkọ̀ láì tẹ̀ ba, kí wọ́n fi eegun ìka kan pákó rẹ̀, kó, kó, kó, kí wọ́n sì dẹ etí sí i. Wọ́n ní pákó tó yè máa ń dáhùn ketekete, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń jẹrà nínú, ohùn rẹ̀ a máa dí bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Nígbà tó yá, ohun gbogbo ni wọ́n ń kàn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá kí wa, wọ́n ní arère ni, kò ní pẹ́. Wọ́n kan tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Lọ́jọ́ tí a mú Sìdí ọmọ mi lọ sí ilé ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n tẹ̀ lé wa, wọ́n kan bẹ́ǹṣì tí yóò jókòó lé, ojú sì tì mí níwájú tíṣà. Tíṣà náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

Bàbá tún un kàn. Wọ́n ní, "Igi kì í purọ́. Ènìyàn ló ń kùn ún lọ́dà."

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni a ń pe àwọn pákó tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá kì í ṣe igi kan tí wọ́n gbẹ́. Pákó ni wọ́n kàn pọ̀ ṣe é, ó fẹ̀, ó ní egungun ìhà bíi ti ẹran, wọ́n sì rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ kan kí wọ́n tó bí mi. Ara rẹ̀ le koko. Ilẹ̀ rẹ̀ ni kò dára mọ́. Mo ń wí, wọn ò dá mi lóhùn. Sìdí wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ìyàwó Bàbá sì ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà ni kí Bàbá gbé e dé àárín dáàmù, níbi tí igi gbígbẹ ti yọrí sókè láti inú omi, kó lọ wo àwọn ẹyẹ lékeléke tó ń sùn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a wà ní èbúté. Sìdí ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàbá ní, "Ìyàwó mi, dúró ná, kí n kọ́kọ́ wọlé." Wọ́n wọlé, pákó sì gbé ẹsẹ̀ wọn mì dé orúnkún.

Mo kígbe débi pé àwọn tó ń fọ aṣọ lókè odò dìde. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Sìdí ò ní fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ọkọ̀ yìí títí ilẹ̀ rẹ̀ yóò fi di tuntun, tí n ó sì fi ojú ara mi rí i."

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ aránṣọ yìí. Ṣé o fẹ́ fi téèpù wọn odò ni?"

"Mi ò wọn odò. Ọmọ mi ni mò ń wọ̀n."

Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò bínú. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn yọ, wọ́n wo ihò náà, wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n ní, "Ìyá ẹ ló ni ọ́, Sìdí. Èmi, ọkọ̀ ni mo ní."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fa ọkọ̀ náà gòkè sí abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi irin yọ gbogbo ìṣó rẹ̀, wọ́n sì kó ilẹ̀ àtijọ́ dànù. Múfú, tí òun náà ń pẹja, fẹ́ fi arère ṣe tuntun nítorí pé ó rọrùn láti gé. Bàbá ní ìrókò ni. Wọ́n lọ fi okùn wọn inú ọkọ̀ láti ìhà dé ìhà, wọ́n gbé okùn náà fún ẹni tó ń gé pákó, wọ́n ní kó gé gbogbo rẹ̀ ní ìdọ́gba.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí mùsùlùmí bá kú ní ìlú wa, a kì í fi pósí sin ín. Pákó kúkúrú kúkúrú tó dọ́gba la máa ń tò bò ó nínú sàárè kí erùpẹ̀ tó wọlé. Tí irú pákó bẹ́ẹ̀ bá ti fara ti ògiri agbo ilé kan, ẹnikẹ́ni ò ní í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Onípákó fi kẹ̀kẹ́ kó pákó ọkọ̀ wá ní àárọ̀, ó tò ó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ti lọ sí èbúté. Obìnrin kan tó ń kọjá rí pákó, kò rí Bàbá. Ó figbe ta.

Ẹni tó pè mí lórí fóònù nígbà yẹn ń sunkún, "Bàbá" nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà láìwọ bàtà. Nígbà tí mo dé, agbo ilé ti kún. Àfáà àdúgbò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n ti rán ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ yàrá lọ wo òkú, nítorí pé oníkálùkù rò pé ẹlòmíràn ti wò ó.

Àfi bí Bàbá ṣe yọ ní kọ̀rọ̀ ògiri, òòlù ní èjìká.

Obìnrin méjì sá wọlé. Bàbá wo èrò, wọ́n bọ́ fìlà. "Àfáà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

Àfáà dìde, ó tún jókòó. "Bàbá... ẹ̀yin ni."

Bàbá wo pákó, wọ́n wo Àfáà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo di apá wọn mú, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀, títí wọ́n fi ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun o."

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ìjà tó wà láàárín wọn àti apẹja kan tó ń jẹ́ Bàbá Gàníyù pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìjà yìí kò lè mọ ohun tí mo rí ní Sátidé yẹn. Bàbá Gàníyù àti Bàbá àgbà mi ń lo èbúté kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pẹja, èyí tí ojú rẹ̀ kéré débi pé ọmọ ẹja tí kò tíì tó ìka kì í bọ́ nínú rẹ̀. Bàbá Làmídì sì sọ ọ́ sí wọn lójú, láàárín àwọn apẹja, pé, "Ẹni tó ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pẹja, oúnjẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ." Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọdún gorí ọdún. Àgbà méjì, ní ìlú tí ọmọdé kì í ti í kọjá àgbà láì kí i, wọn a pàdé ara wọn lẹ́nu odò ní àfẹ̀mọ́jú, ẹnu méjèèjì a sì dì.

Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ tó bá ń kọjá ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Nígbà tí Bàbá ń tẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ máńgòrò, Bàbá Gàníyù a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ṣé ilé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ yẹn ni, àbí ọkọ̀?"

Bàbá ò ní gbójú sókè. "Ewúrẹ́, wí fún un pé ọkọ̀ ni. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ń jò bí ajẹ̀rẹ̀ kò lè dá a mọ̀."

"Ewúrẹ́, bi í pé kí ló ń fi yanrìn ṣe nínú ọ̀dà? Ṣé ẹja ló fẹ́ sin síbẹ̀?"

"Wí fún un pé kí ẹsẹ̀ ìyàwó mi má bàa yọ̀ ni."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yanrìn náà. Wọ́n fi òwú tí wọ́n rì sínú ọ̀dà dúdú di gbogbo àlàfo tó wà láàárín pákó sí pákó. Wọ́n kùn ún, wọ́n sì wọ́n yanrìn sójú ọ̀dà tútù náà kó lè di ẹsẹ̀ mú. Wọ́n gé ojú kékeré kan sí ẹ̀yìn, wọ́n ṣe ìdérí fún un, kí wọ́n lè máa gbọ́n omi láì ṣí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yá téèpù mi. Wọ́n ní kí Sìdí nàró, wọ́n wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àyà, wọ́n sì kan igi yí etí ọkọ̀ ká ní ìwọ̀n náà. Ọkọ̀ tí kò ní nǹkankan lára tẹ́lẹ̀ wá ní ìdúró bíi bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun. Àwọn apẹja yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Gàníyù ní kí ewúrẹ́ bèèrè ibi tí àpótí aṣọ yóò wà.

Mo lọ wò ó. Mo fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ náà, mi ò rí àbùkù kan. Mo ní ó dáa, Sátidé, bí ìmọ́tótó bá ti parí ní aago mẹ́wàá. Mo ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Sìdí fi ẹ̀wù náà sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ ṣí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹsẹ̀ la fi rìn, ọ̀nà àárín oko. A ò tíì dé èbúté tí mo ti ń gbọ́ igbe ìṣó. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìṣó ṣe ń ké nígbà tí wọ́n bá ń fà á yọ láti inú ìrókò tútù yóò mọ ohun tí mo ń wí. Mo rò pé olè ni. Mo sáré síwájú.

Bàbá ni. Wọ́n dúró nínú ọkọ̀, irin lọ́wọ́, òógùn ń dà lára wọn. Wọ́n ti já ìdajì ilẹ̀ náà.

Mo ní, "Bàbá! Kí lẹ ń ṣe? Kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Gàníyù kú láfẹ̀mọ́jú. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Onípákó ò sí nílé. Ó ti lọ sí ìlú Awo láti àná, ibi tó ń kó pákó sí sì wà ní títì."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ṣebí ẹ kì í kí ara yín!"

"Mi ò kí i. Pákó ni mo fẹ́ fún un."

Sìdí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, mo ní ọmọ yìí ti ń retí, mo ní wọ́n lè dúró kí aago mẹ́wàá lù kí wọ́n lọ já àgádágodo onípákó. Bàbá gbé irin sílẹ̀. Wọ́n wò mí, kò sí ẹ̀rín lójú wọn rárá.

"Àbẹ̀kẹ́, òkú ò lè dúró de ọjà. Ọmọ rẹ lè dúró."

Bí Kàmọ́rù, àkọ́bí Bàbá Gàníyù, ṣe dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti wá gbé pákó nìyẹn. Kò gbà gbọ́ títí tó fi rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Bàbá ní, "Dìde, Kàmọ́rù. Pákó yìí wúwo. Fi okun rẹ pamọ́."

A tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn ènìyàn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ sàárè ń wo Bàbá bí ẹni tí wọn ò rí rí. Wọ́n mọ ìjà náà, gbogbo Ẹdẹ apá ọ̀hún ló mọ̀ ọ́n. Ojú wọn wà lẹ́nu Bàbá, wọ́n ń retí kí Bàbá sọ pé àwọn ti dárí jì í, tàbí kí Bàbá sunkún. Èmi náà ń retí. Bàbá ò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n dúró sẹ́yìn títí àwọn ọmọ fi fẹ́ to pákó àkọ́kọ́, wọ́n wá la èrò kọjá, wọ́n tẹ̀ ba lókè kòtò.

"Ẹ yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀dà wà lókè, kí omi má bàa jò sí i lára."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Kàmọ́rù yí i padà. Yanrìn tí wọ́n wọ́n sí i nítorí ẹsẹ̀ ọmọ mi ń tàn nínú oòrùn bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ bò ó.

Àwọn kan ti wá ń sọ ọ́ kiri pé Bàbá ti fẹ́ràn Bàbá Gàníyù látọkàn wá. Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, Bàbá rí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn Bàbá Gàníyù tí wọ́n fi kọ́ sórí igi, wọ́n sì bú u ní ojúkorojú bí ẹni pé ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ọkọ̀ wọn ò ní ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sáré bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n ń fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara wọn. Múfú ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é, wọ́n gbà kó gé pákó, wọn ò gbà kó kàn án. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣèlérí fún Sìdí, kì í ṣe ìwọ." Kàmọ́rù náà wá, ó bá wọn fi òwú di àlàfo, kò sì sí ewúrẹ́ láàárín wọn.

Nígbà tí ó parí, wọ́n pè mí. Iṣẹ́ aṣọ Iléyá ti bò mí mọ́lẹ̀, àwọn oníbàárà jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, bí Iléyá bá ti kọjá, n ó wá wò ó, n ó mú Sìdí dání."

"Kò burú. Ilẹ̀ ọkọ̀ ò lọ síbì kan."

A ṣe Iléyá. Bàbá jẹ ẹran, wọ́n bá Sìdí ṣeré, wọ́n ní lékeléke ti ń yé ẹyin. Kò sí ibi tó ń dùn wọ́n. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Múfú pè mí.

Pákó tí a fi bo Bàbá, ọjà la ti rà á. Ẹnìkan dábàá pé kí a já ti ọkọ̀. Èmi àti Múfú ní rárá lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo mú Sìdí, a lọ sí èbúté. Múfú di ọkọ̀ mú. Mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi, mi ò sì mọ̀ pé mo lè wọ̀ ọ́ títí mo fi bá ara mi nínú rẹ̀. Mo tẹ pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo fi gbogbo ìwúwo mi lé e. Mo mi igi etí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ṣí ìdérí ojú ìgbọ́nmi, mo nawọ́ sí abẹ́ rẹ̀, gbígbẹ ló wà. Mo wá ohun tí n ó fi sọ pé kò tíì dára. Mi ò rí i.

Mo nawọ́ sí ọmọ mi. "Sìdí, ó ti dára. Wá."

Ó dúró lórí iyẹ̀pẹ̀. Kò tilẹ̀ wọ ẹ̀wù náà, ó kàn gbé e lápá.

"Ó ti dára, Sìdí. Mo ti wò ó. Múfú yóò tu wá dé ibi lékeléke."

Ó mirí. "Mọ́mì, mi ò lọ mọ́."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Kò bà mí. Bàbá ni mo fẹ́ bá lọ."

Múfú yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ mi ṣì wà nínà. Mo wo ìsàlẹ̀, mo wo ilẹ̀ tí mo dúró lé, kí n lè ní ibi tí n ó wò. Omi ń lọ lábẹ́ mi. Pákó náà ò mì rárá.